Sẹ́ẹ̀lì Mélòó Ló Wà Nínú Abẹ́rẹ́ Náà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí bí àwọn dókítà ṣe ń fi stem cell aláìsàn fúnra rẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ara tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn, wo egungun tó kọ̀ tí kò so. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, omi lé ròrò sí mi lójú, nítorí ọ̀rọ̀ ara mi ni mo ń kà. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta ni ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n kàn máa ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ kan ni, tí egungun á sì hù bí ewé tuntun lẹ́yìn òjò. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi sì so, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ ló ṣáájú abẹ́rẹ́ náà, ìbéèrè kan sì wà tí àbúrò mi obìnrin bi dókítà, tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wà nírú ipò tí mo wà mọ̀ ọ́n bi.

Aránṣọ ni mí. Ẹ̀rọ tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló sì ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọdún 21 sẹ́yìn. Ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí gan-an ló kán nígbà tí mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, nísàlẹ̀ níbi tí kò jìnnà sí ọrùn ẹsẹ̀. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ibẹ̀ le láti wò ju ibòmíràn lọ. Ẹ fi ọwọ́ kan ojúgun yín: awọ ni, egungun ló tẹ̀ lé e. Ẹran kò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò sì pọ̀ bíi ti itan.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ki irin gígùn kan bọ inú egungun náà, wọ́n sì dè é lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n ní egungun àgbàlagbà kì í yára. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ọ̀pá abíyá ṣì ni mo fi ń rìn, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì ń fún mi. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ohun tó ń ṣe mí ní orúkọ, àti pé ó ní ìwòsàn. Àwọn dókítà ń pè é ní nonunion. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fi ìwọ̀n sí i: bí oṣù mẹ́sàn-án bá ti kọjá lẹ́yìn tí egungun kán, tí àwòrán X-ray kò sì fi ìtẹ̀síwájú kankan hàn fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kí a gbà pé ó ti kọ̀ nìyẹn. Nínú egungun 100 tó bá kán, àwọn dókítà gbà pé nǹkan bíi 5 sí 10 ló máa ń pẹ́ jù kó tó so tàbí kó kọ̀ pátápátá. A pọ̀ lọ jàra, síbẹ̀ kálukú wa ló ń rò pé òun nìkan ni.

Ẹni tí kò rí i rí lè má mọ bó ṣe máa ń rí. Ìrora rẹ̀ kò jọ ti ọgbẹ́. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ibi tí kì í ṣe oríkèé ń tẹ̀. Ó kéré, ó lè má ju ìbú okùn tín-ínrín lọ, ṣùgbọ́n ara mi ń mọ̀ ọ́n, gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé tí mo ní nínú ẹsẹ̀ mi sì lọ. Mo gbìyànjú láti máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ẹ̀rọ. Ojú ìrán ń wọ́, aṣọ àwọn oníbàárà ń bàjẹ́. Mo ti ẹ̀rọ náà sí kọ̀rọ̀, mo sì da aṣọ bò ó.

Dókítà kejì tí mo lọ bá ló jókòó tì mí, tó gbé àwòrán X-ray síwájú iná, tó sì ṣàlàyé. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yé mi, nítorí ibi tí àpilẹ̀kọ yín ti fò ó gan-an nìyẹn.

Bí egungun bá kán, ẹ̀jẹ̀ máa ń dì síbẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tún ara ṣe máa ń wọ́ wá. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ohun rírọ̀ kan, irú èyí tó wà nínú etí wa, di àlàfo tó wà láàárín. Lẹ́yìn náà ni ohun rírọ̀ yìí á di egungun tútù, egungun tútù á le, ara á sì máa gbẹ́ ẹ fún oṣù púpọ̀ títí yóò fi jọ ti àtẹ̀yìnwá. Peter Giannoudis, dókítà egungun ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2007 pé nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tó lè kọ́ egungun, ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fẹsẹ̀ lé, àwọn èròjà inú ara tó ń jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì pé iṣẹ́ ti yá, àti ìdúróṣinṣin egungun náà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló tètè yé mi jù lọ. Bí aṣọ méjì kò bá dúró sójú kan lábẹ́ abẹ́rẹ́, kò sí òwú tó lè rán wọn pọ̀.

Ó tún sọ fún mi pé ọ̀nà méjì ni egungun fi máa ń kọ̀. Ti àkọ́kọ́, ẹnu méjèèjì egungun náà á wú, á fẹ̀ bí ẹsẹ̀ erin nínú àwòrán. Sẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, mímì ni egungun ń mì jù. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí báyìí, ìdè tó le ló nílò, ó sì lè má nílò sẹ́ẹ̀lì kankan. Ìkejì ni èyí tí ẹnu egungun á gbẹ, á sì tín-ínrín bí ẹnu pẹ́ńsù tí wọ́n gbẹ́. Irú tèmi nìyẹn. Iṣẹ́ ti dá dúró níbẹ̀ nítorí kò sí òṣìṣẹ́.

Kí wọ́n tó dárúkọ stem cell rárá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò bóyá kòkòrò àrùn ti sá pamọ́ sínú egungun. Wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò, wọ́n yẹ Fítámì D wò, wọ́n sì bi mí bóyá mo ń mu sìgá. Wọ́n yọ irin àkọ́kọ́, wọ́n fi èyí tó nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Oṣù mẹ́fà kọjá lórí ìyẹn náà, egungun kò so, àmọ́ kò mì mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé a lè ronú sí mùdùnmúdùn inú egungun ìbàdí mi. Oṣù kẹtàdínlógún tí mo ṣubú ló jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá, nítorí àpilẹ̀kọ yín pè é ní ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí. Láti ọdún 1960 sí 1970 ni Alexander Friedenstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Moscow, ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn egungun tó lè di egungun bí a bá gbé e síbòmíràn nínú ara. Ní Amẹ́ríkà, John Connolly, dókítà egungun, ti ń fi abẹ́rẹ́ fún mùdùnmúdùn aláìsàn sínú ojúgun tí kò so kí ọdún 1991 tó dé, láìla ẹsẹ̀ náà. Ìdí tí wọ́n fi wá ọ̀nà yìí ni pé ọ̀nà àtijọ́, tó ṣì dára títí dòní, ni kí wọ́n la ìbàdí, kí wọ́n bu egungun níbẹ̀, kí wọ́n lọ fi di ibi tó kọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ ìbàdí tí wọ́n là yẹn lè máa dun ènìyàn fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí à ń wá yìí kò pọ̀ rárá. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn, ó lè má ju ẹyọ kan lọ. Ibi tí ìbéèrè àbúrò mi ti wọlé nìyí. Obìnrin náà kò ka ìwé ìṣègùn, ọjà ló ń tà, ẹni tó sì ń tajà mọ ìyàtọ̀ láàárín àpò tó kún àti àpò tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó ní, “Dókítà, ẹ ṣàánú mi, sẹ́ẹ̀lì mélòó ló máa wà nínú abẹ́rẹ́ náà?”

Dókítà náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa bébà kan jáde, ó sì sọ ìtàn iṣẹ́ kan fún wa tí n kò lè gbàgbé. Ní 2005, Philippe Hernigou, dókítà egungun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Henri Mondor ní Créteil, lẹ́bàá Paris, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ènìyàn 60 tí ojúgun wọn kọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ti gbẹ bíi tèmi. Wọ́n fa mùdùnmúdùn láti ìbàdí wọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ kí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lè ki, wọ́n sì fún ojúgun kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mílílítà 20. Ti ènìyàn 53 so. Ti méje kò so.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí yàtọ̀ ni pé wọ́n ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ egungun tó wà nínú abẹ́rẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí egungun wọn so, sẹ́ẹ̀lì tó lé ní 1,500 ló wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà, àròpọ̀ rẹ̀ sì ń lọ sí 55,000. Àwọn méje tí tiwọn kò so, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 634 nínú mílílítà kan, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì pé 20,000. Ẹ wá wo èyí o: mùdùnmúdùn tí wọ́n fà láìtíì sẹ́ ẹ rárá ní nǹkan bíi 612 nínú mílílítà kan. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí àwọn méje náà gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kò tọ́jú. Orúkọ abẹ́rẹ́ náà ò yàtọ̀, ìwọ̀n omi inú rẹ̀ ò yàtọ̀, iye òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Olóòtú mi, ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú àpilẹ̀kọ yín, òun sì ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà.

Dókítà wá sọ fún àbúrò mi pé òun kò lè ka àwọn tó ń kọ́ egungun yìí lójú ẹsẹ̀, nítorí a ní láti gbìn wọ́n sínú àwo kí a sì dúró nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdìpọ̀ wọn tó hàn. Ó ní òun á ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lápapọ̀ kí òun tó gún mi, òun á sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ohun tó sọ yẹn ló jẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé.

Ní ọjọ́ náà, wọ́n kùn mí lóorun díẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn lókèèrè. Ohun tí mo rántí jù ni bí wọ́n ṣe ń ti abẹ́rẹ́ nínípọn náà wọ egungun ìbàdí. Kò dùn mí, mo kàn ń mọ̀ pé nǹkan ń tì mí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ti abẹ́rẹ́ kọjá nínú awọ bàtà. Ó fà díẹ̀, ó yí i, ó tún fà díẹ̀, ó yọ ọ́, ó tún gbé e síbòmíràn. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀: bí a bá dúró sójú kan ká máa fa púpọ̀, lẹ́yìn mílílítà bíi méjì, ẹ̀jẹ̀ lásán ló kù tí yóò máa wá. Ẹni tó bá fẹ́ sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ máa ṣí kiri. Lójú tèmi, sùúrù ọwọ́ dókítà níbi yìí ni ìdajì iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n fà sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí-bírí, èyí tó wúlò yà sọ́tọ̀, wọ́n sì fi X-ray tó ń ṣàfihàn lójú ẹsẹ̀ darí abẹ́rẹ́ wọ ibi tó kán. Wọn kò la ẹsẹ̀ mi. Ilé mi ni mo sùn lọ́jọ́ kejì. Ìbàdí mi lọ́tùn-ún lósì dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan bí ẹni tó gbá ara mọ́ etí tábìlì.

Èsì àyẹ̀wò dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún: ó lé díẹ̀ ní 1,900 nínú mílílítà kan. Àbúrò mi kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ìwé àdéhùn klíníìkì mi, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

X-ray ọ̀sẹ̀ kẹfà kò fi nǹkan kan hàn, mo sì sunkún nínú mọ́tò. Ti ọ̀sẹ̀ kejìlá, nǹkan bí kùrukùru fẹ́lẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní oṣù karùn-ún, kùrukùru náà ti di afárá ní ìhà mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní oṣù kẹjọ ni mo ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ mi.

Ṣùgbọ́n a jọ ń lọ sí klíníìkì yẹn ni, èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan tí egungun itan tirẹ̀ kọ̀. Ibòmíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gún un ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ń mu sìgá, ó sì ń mu ún gan-an. Àlàfo tó wà láàárín egungun rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń mì. Kò sí ẹni tó ka ohunkóhun. Wọ́n kàn sọ fún un pé stem cell ni, òun náà sì gbà gbọ́. Kò so. Owó lọ, ọdún kan lọ. Níkẹyìn, ó jáwọ́ nínú sìgá, wọ́n tún irin rẹ̀ ṣe, wọ́n bu egungun ìbàdí fún un lọ́nà àtijọ́ yẹn, ó sì so. Bí mo bá ń sọ pé mo dúpẹ́, mi ò lè sọ ọ́ kí n gbàgbé rẹ̀.

Àwọn kan tún ń gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á fa mùdùnmúdùn, wọ́n á gbin sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí yóò fi di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, wọ́n á pò ó mọ́ èròjà kálísíọ́ọ̀mù oníhóró kéékèèké, wọ́n á sì fi dí ibi tó kán. Àwọn ilé ìwòsàn mélòó kan ní Yúróòpù ṣe é fún ènìyàn 28, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: láàárín ọdún kan, egungun 26 nínú wọn ti so. Ó dára púpọ̀, mo sì yọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi wọ́n wé ẹgbẹ́ mìíràn tó gba ìtọ́jú àtijọ́ nínú iṣẹ́ yẹn, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé ó ti borí.

Nípa gbólóhùn yín pé sẹ́ẹ̀lì náà “ń yí padà di egungun”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Arnold Caplan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, ẹni tó sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ní mesenchymal stem cell ní 1991, òun fúnra rẹ̀ ló tún kọ̀wé ní 2017 pé kí wọ́n yí orúkọ náà padà. Ó ní iṣẹ́ pàtàkì tí wọ́n ń ṣe bí a bá fi wọ́n sára ènìyàn ni pé wọ́n ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ sí iṣẹ́. Ẹni tó dá orúkọ sílẹ̀ ló bẹ̀ wá pé ká má jẹ́ kí orúkọ náà tàn wá. Mo rò pé ó yẹ ká gbọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “sẹ́ẹ̀lì ara ẹni” náà ń tan ènìyàn jẹ, bí ẹni pé ohun tó bá ti ara ẹni wá kò lè ṣe ẹni níbi. Ní 2017, àwọn dókítà ojú kọ̀wé nípa obìnrin mẹ́ta tí wọ́n fún ní sẹ́ẹ̀lì láti inú ọ̀rá ara wọn sínú ojú méjèèjì ní ilé ìtọ́jú kan ní Florida. Sẹ́ẹ̀lì ara wọn ni. Ojú wọn bàjẹ́ gidigidi. Ibi tí a fi nǹkan sí, ẹni tó fi í síbẹ̀, àti ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló yẹ ká máa bèèrè.

Nítorí náà, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sọ fún àwọn tí egungun wọn ti kọ̀ pé kí wọ́n bi dókítà bóyá egungun náà dúró ṣinṣin, bóyá wọ́n ti yẹ kòkòrò àrùn wò, bóyá irú tó wú ni tàbí irú tó gbẹ, kí wọ́n tó wá béèrè sẹ́ẹ̀lì mélòó ló máa wà nínú abẹ́rẹ́ náà àti ẹni tí yóò kà á. Dókítà tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Tèmi rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

Gbogbo X-ray mi wà lọ́wọ́ mi, mẹ́sàn-án, láti ọjọ́ tí mo ṣubú títí di oṣù kẹjọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Mo ti kọ ọjọ́ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì tò wọ́n bó ṣe yẹ. Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ wò wọ́n, kí ó mú ohun tó lè tan iná sẹ́yìn wọn wá. Ìwé tí àbúrò mi kọ nọ́ńbà sí náà wà láàárín wọn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Aránṣọ kan